Ọ̀bẹ Abuké àti Ọdẹ Orí Fóònù

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ikùn àdá, ẹnu ọkọ́ àti ṣóńṣó ọfà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò máa lu ojú kan láti àárọ̀ dalẹ́ láìní ewìrì, láìní owú, tó sì jẹ́ pé owó àpò ẹni tó ń wòran ló fẹ́ fà yọ. Ìpolówó ọ̀bẹ orí fóònù ni mo ń wí. Ọ̀bẹ náà tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ iké, wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n gbẹ́ eyín ayùn sí i lẹ́yìn, wọ́n dá ihò sí i lára, wọ́n sì fi kọ́ńpáàsì kékeré sí ìdí èkù. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ní in, kò sí igbó tó lè dẹ́rù bà á mọ́. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé Èkó á sì tu owó jọ, á ra ọ̀bẹ tí yóò fi pàgọ́ sí ìdí omi Òwu ní tòsí Ọ̀wá Kájọlà, nígbà tí àdá bàbá rẹ̀ wà lórí àjà nílé, tó ń dípẹtà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iké ọ̀bẹ ni mò ń bá jà. Iké yẹn gan-an ni òtítọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ìpolówó ọ̀hún. Irin tó rí bákan náà láti èkù dé ṣóńṣó, ọwọ́ ló ń bá a ṣe gbogbo wàhálà. Ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ irin náà lójú síhà iwájú, tó sì tẹ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìwúwo á kọjá síwájú ọwọ́. Bí a bá gbé e sókè, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ilẹ̀. Apá kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ẹnu tó tẹ̀ kì í sì í bá igi pàdé gbọọrọ. Ó ń fà bó ṣe ń wọlé, bí ìgbà tí a bá ń fa ọ̀bẹ lórí ẹran dípò ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀ka kì í sì í yọ̀ bọ́ níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ abuké kan fi lè ṣe iṣẹ́ àdá, kó tún gba díẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ àáké. Ẹni tó fẹ́ sun ìta ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí, torí ilẹ̀ wa kì í ṣe igbó kìjikìji, kì í sì í ṣe ọ̀dàn tó mọ́ lójú. Ní ìparí òjò, koríko ti ga ju èèyàn lọ, igi ẹmi àti igi igbá sì dúró láàárín rẹ̀, tàwọn tẹ̀ka wọn tó le. Ẹni tó fẹ́ pàgọ́ á kọ́kọ́ ṣán ojú ilẹ̀ kó lè rí ibi tí ejò wà, á gé òpó, á gbẹ́ èèkàn, á la igi ìdáná. Ọ̀bẹ pélébé tí wọ́n ń ká sínú àpò, ọsàn ni kó máa bó níhìn-ín.

Ṣé ọ̀dọ̀ àlejò la ti wá ń kọ́ èyí ni? Agẹdẹngbẹ tí àwọn jagunjagun Yorùbá ń lò, ẹnu kan ló ní, ó sì tẹ̀. Ọ̀bẹ abuké tó lókìkí jù lágbàáyé lónìí ni kukri àwọn ará Nepal, tí àwọn ọmọ ogun Gurkha gbé kiri ayé. Àwọn tó ń tà á fún àlejò ti fi àròsọ yí i ká: wọ́n ní bí a bá ti fà á yọ, kò gbọdọ̀ padà sínú àkọ̀ láìmu ẹ̀jẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọn ì bá máa fi gé igi ìdáná ní Nepal? Irinṣẹ́ ilé àti oko ni. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ sábà ń fi rọ ọ́. Bó bá pọ́n tán, wọ́n á fi kẹ́tùrù da omi sí ẹnu rẹ̀ nìkan, kí ẹnu lè le, kí ẹ̀yìn má sì ṣẹ́. Irin sípíríǹgì yìí kan náà làwọn alágbẹ̀dẹ tiwa ń rọ, látìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kú sí ẹ̀bá ọ̀nà wa. Èyí tó ti Nepal wá, à ń fi dọ́là rà á, a ò sì ná an. Èyí tó ti ilé arọ wá, à ń ná an títí alágbẹ̀dẹ yóò fi bínú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìparí 1943 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1944, àwọn ọmọ ogun Division 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, la ọ̀nà jíìpù tó tó nǹkan bíi máìlì 75 gba àárín òkè àti igbó lọ sí àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Àdá wà lára irinṣẹ́ wọn, kò sí ihò lára rẹ̀, kò sí kọ́ńpáàsì nídìí rẹ̀. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi sùn nínú igbó yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wọn pé fàájì ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ẹ̀ṣọ́ wo ló pa ọ̀bẹ lára rí? Ó ń pa á lára. Bí ìwúwo bá ti wà níwájú, oríkèé irin àti èkù ni gbogbo ipá ìgé ń padà sí. Èkù tí wọ́n ti gbẹ́ nínú rẹ̀ kí kọ́ńpáàsì lè ráyè wọ̀, irin kò dé ìdí rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá pàdé igi ẹmi. Ẹ̀yìn tí wọ́n fi eyín sí, a ò lè fi kùmọ̀ lù ú bí a bá fẹ́ la igi, a ò sì lè fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Kódà òfin ti mọ ọ̀bẹ ẹ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí irinṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n fòfin de irú ọ̀bẹ àti àdá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales: èyí tí irin rẹ̀ gùn ju ínǹṣì 8 lọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú, tó tún wá ní irú ẹ̀ṣọ́ bí eyín tàbí ihò tó ju ẹyọ kan lọ. Àdá lásán tí àgbẹ̀ fi ń ṣán oko kò bọ́ sínú òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń gbé e kiri ìgboro láìnídìí ṣì máa rí ọlọ́pàá. Mo gbà pé àdá ọjà tiwa náà ò pé: òmíràn rọ̀ bíi páànù, òmíràn sì ń ṣẹ́ lẹ́nu torí wọ́n kánjú rì í sómi. Ṣùgbọ́n ìyẹn, a lè dá a padà fún ẹni tó rọ ọ́, ká sì bá a jà lójú ara wa. Ta la fẹ́ dá ti orí fóònù padà fún?

Ó ku àwọn tó ń sọ pé owó àwọn ni, pé àwọn ò tilẹ̀ fẹ́ fi gé nǹkan kan, àwọn kàn fẹ́ fi yàwòrán lẹ́bàá àgọ́ ni. N ò ní èsì fún wọn, torí àṣà yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní ìlú Ẹ̀sìẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà, ère òkúta tó lé ní 1,000 wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, àwọn mìíràn sì gbé àdá lé èjìká. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Àdá wọn kò ṣán koríko kan rí, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ilé fún wọn ní 1945, òun sì ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ọdẹ orí fóònù lè lọ kí wọn. Wọn ò ní gbowó ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.