Ọmọ Tí Bàbá Ní Kò Gbọdọ̀ Ṣe Nọ́ọ̀sì

Ẹ fa àpótí yẹn súnmọ́ ìhín, mi ò fẹ́ kí ohùn mi kọjá ògiri. Ọ̀rọ̀ bàbá yàrá kẹta ni. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń gbé yàrá kẹta, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Gbogbo ilé ń bá a yọ̀, ìyá rẹ̀ ti ń wọn ìrẹsì, àfi bí bàbá ṣe ní rárá. Ó ní òun ò rán ọmọ níwèé kó lè lọ máa da póò onípóò nù. Ó ní lọ́ọ̀yà ni yóò kà. Lọ́ọ̀yà kẹ̀! Ọmọ tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò dáhùn, òun ni yóò lọ máa rojọ́ níwájú adájọ́.

Èmi tí mo ṣe méèdì ní wọ́ọ̀dù títí wọ́n fi fún mi ní owó ìfẹ̀yìntì, tí mo da póò dà á dà á, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ inú mi ò dùn. Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ, òun kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá ti ń sọ ọ́. Bàbá Kofoworola sọ ọ́ l'Ékòó.

Ẹ ò mọ Kofoworola? Kofoworola Abeni Pratt! Ọmọ Scott ni kó tó relé ọkọ. Ilé olówó ló ti wá, ilé-ìwé àwọn obìnrin ti CMS ló lọ. Nọ́ọ̀sì ló wu ọmọ, bàbá ní iṣẹ́ yẹn ò yẹ ọmọ òun, kó lọ ṣe tíṣà. Ó gbọ́ràn. Ó wá sí Ìbàdàn níbí, ó kọ́ṣẹ́ tíṣà, ó padà lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní CMS láti 1936 títí di 1940. Ìgbà tó yá, ó fẹ́ Olu Pratt. Apòògùn ni ọkùnrin náà nígbà yẹn, ó sì fẹ́ di dókítà, ló bá kọjá sí Ìlú Ọba. Ìyàwó tẹ̀ lé e. Ní 1946, ìyàwó bá rọra wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí bàbá kọ̀, ọkọ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lọ́kọ, ẹ gbọ́ o.

Ẹ tún mọ ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀? Ọmọ mìíràn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe é nílé ni! Florence Nightingale. Lọ́dún 1820 ni wọ́n bí i, ìlú Florence ní Ítálì sì ni wọ́n bí i sí, ni wọ́n bá fi ìlú sọ ọ́ lórúkọ, bí a ṣe ń sọ tiwa ní Abíọ́nà. Owó ń bẹ nílé wọn, kì í ṣe owó kékeré. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó lọ́kọ, kó máa gbàlejò. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Richard Monckton Milnes fẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ̀. Ó ní aláìsàn lòun fẹ́ máa tọ́jú. Ilé dàrú! Ẹ má bínú sí wọn púpọ̀ o, torí obìnrin tó bá ń tọ́jú aláìsàn lọ́sibítù wọn láyé ìgbà yẹn, ọ̀mùtí ni aráyé kà á sí. Bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílé ẹlẹ́mu ni. Lọ́dún 1851 ló tó ráyè lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ ní Kaiserswerth, ní Jámánì. Ẹ fi Jámánì yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òwìwí. Obìnrin yìí ní òwìwí! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò purọ́. Ó rìn dé ilẹ̀ Gíríìkì ní 1850, ó bá àwọn ọmọ tó ń fi ọmọ òwìwí ṣeré, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ ní Athena. Inú àpò ló máa ń gbé e sí káàkiri. Kí ẹnì kan gbé òwìwí sápò wọ agboolé yìí, ṣé ẹ ò ní fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ? Ìyá alákàrà á ti dé ọ̀dọ̀ wòlíì kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Florence ń palẹ̀ mọ́ fún ogun ni ẹyẹ kú, ó sì ní kí wọ́n kì í lóògùn kó má jẹrà. Ẹyẹ náà wà ní mùsíọ́mù Florence ní St Thomas' títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó la ojú rẹ̀ kalẹ̀.

Ogun Crimea ni ogun yẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Tọ́kì ni wọ́n ń bá Rọ́ṣíà jà. Ìwé ìròyìn ń gbé e pé àwọn sójà ń kú bí eṣinṣin, ni mínísítà ogun, Sidney Herbert, ọ̀rẹ́ Florence, bá rán an lọ ní 1854 pẹ̀lú obìnrin 38. Nígbà tí wọ́n dé Scutari, létí Istanbul, orí kòtò ẹ̀gbin ni ọsibítù jókòó lé. Eku, iná orí, ìgbẹ́ gbuuru. Ọgbẹ́ kọ́ ló ń pa àwọn sójà jù, ibà àti kọ́lẹ́rà ni. Ìgbà tí ìjọba rán àwọn kan wá ní 1855 tí wọ́n la kòtò náà, tí wọ́n kó òkú ẹran kúrò lójú omi, ni ikú tó dẹwọ́.

Aráyé ń kọrin pé ó gbé fìtílà káàkiri lóru. Ó gbé e lóòótọ́, àmọ́ èmi ò rí ti fìtílà rò. Ìṣirò rẹ̀ ni mo gba tirẹ̀ fún. Nígbà tó délé, òun àti William Farr jókòó ti iye òkú, ó ya àwòrán roboto, ó kun àwọn tí àrùn pa ní búlúù, àwọn tí ọgbẹ́ pa ní pupa. Búlúù gba gbogbo ojú ìwé! Àwọn ọ̀gá sójà ò rí ibi wò mọ́. Owó tí aráàlú dá fún un ló fi dá ilé-ẹ̀kọ́ St Thomas' sílẹ̀ ní 1860.

Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni ti Mary Seacole. Ọmọ Jàmáíkà ni, ìyá rẹ̀ ń fi egbòogi wo àwọn èèyàn ní Kingston, ó sì kọ́ ọ. Ó ti bá kọ́lẹ́rà jà ní Panama rí. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì ogun, ó ní òun fẹ́ lọ, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó bá fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ! Ó kọ́ ilé oúnjẹ sẹ́bàá Balaklava, ó ń ta ọtí àti oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá sójà, ó ń di ọgbẹ́ àwọn tó fara gbọta lójú ogun gan-an. Ogun parí lójijì, ọjà kù sí i lọ́wọ́, ó jẹ gbèsè.

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Lọ́dún 1870, Florence kọ lẹ́tà sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní obìnrin yẹn ṣàánú àwọn sójà lóòótọ́ o, àmọ́ ilé rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ilé ìṣekúṣe, ọtí pọ̀ níbẹ̀, òun ò sì jẹ́ kó dé sàkání àwọn nọ́ọ̀sì òun. Ó wá kọ ọ́ sí lẹ́tà náà pé kí wọ́n sun ún. Wọn ò sun ún! Ẹ ò rí i pé àwa táa ń fẹnu sọ tiwa yìí sàn díẹ̀.

Kí n padà sọ́dọ̀ Kofoworola kó má bínú. Ní St Thomas', aláìsàn kan ní adúláwọ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun. Ó fara dà á, ó yege. Mo mọ ohun tó rí, torí wọ́ọ̀dù tí wọ́n tọ́ lọ́nà àwọn òyìnbó yẹn ni mo bá. Bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ká ṣáà tẹ́ aṣọ lé e: igun rẹ̀ gbọ́dọ̀ ká mú bí àpò lẹ́tà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìpẹ̀kun. Síríńjì onígíláàsì là ń sè nínú ìkòkò, abẹ́rẹ́ tó bá ti kú, wọ́n á pọ́n ọn. Síísítà, ọ̀gá wọ́ọ̀dù, á fi ìka nu orí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí eruku bá wà níbẹ̀, èmi méèdì ni mo kú yẹn.

Nígbà tí Kofoworola padà dé ní 1954, wọ́n ní ipò síísítà, ti òyìnbó ni. Nílùú baba rẹ̀! Wọ́n padà gbé e fún un ní ọsibítù UCH níbí. Kí ọdún 1965 tó parí, ó ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ mátírọ́ọ̀nù UCH, ó sì ti di olórí nọ́ọ̀sì fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1973 ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, wọ́n tún fi í ṣe kọmíṣọ́nà ìlera l'Ékòó. Ní Ìṣẹri, wọ́n fi í joyè Ìyá Ilé Àgbo. Iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọ gidi nìyẹn o.

Ìjà àárín Florence àti Mary kò sì tíì tán. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé ère Mary dúró sínú ọgbà St Thomas' fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà lódìkejì odò. Àwọn olólùfẹ́ Florence fárígá. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ilé Florence, Mary ò kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ rí. Kò kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Florence náà ńkọ́, ṣebí Jámánì ló ti kọ́ tirẹ̀?