Wọ́n Ń Ta Orí ní Ládìípọ̀

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò sẹ́ni tó tíì já wọn ní koro lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ayébáyé, nítorí ẹni tí a bẹ́ lórí kì í padà wá ròyìn bóyá ara ti tù ú. Àmọ́ àwọn àgbà ò dé Ládìípọ̀. Ká ní wọ́n dé Mushin ni, kí wọ́n rí orí mọ́tò lóríṣiríṣi tí wọ́n pàtẹ sórí tábìlì, Toyota lọ́tọ̀, Honda lọ́tọ̀, wọn ìbá tún òwe wọn gbé yẹ̀ wò. Àwa ti ní ibi tí a ti ń bẹ́ orí, tí a sì ń ra òmíràn dípò, tokunbo gidi, tí gàràǹtì rẹ̀ ń parí bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Orí tí mò ń wí ni brénbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ iye epo tí nọ́súlù yóò fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì. Bí orí bá ń fọ́ mọ́tò, olówó rẹ̀ kì í pẹ́ mọ̀. Èéfín dúdú á máa tú lẹ́nu sàlẹ́ńsà, òórùn epo á gba gbogbo àdúgbò, bí wọ́n bá sì tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n á rí i pé èédú ti bò ó mọ́lẹ̀. Epo tó ń gbé e dé Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ á wá tán ní Ṣàgámù. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, èèyàn ṣì lè fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe sùúrù. Ọjọ́ yẹn ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo tí kò tó ₦200 sì di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, mọ́tò tó ń mu epo ti di ọ̀rọ̀ ẹjọ́ láàárín tọkọtaya.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń wo orí fífọ́ náà. Camry ọdún 2003, èyí tí à ń pè ní "Big Daddy", wọlé sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọṣẹ́ tẹ̀ba, ó ki sikáná bọ abẹ́ sítíárín. Kóòdù P0172 jáde.

"Alhaji, ẹ ò rí i báyìí? Epo ti pọ̀ jù nínú mọ́tò yín."

"Ọ̀gá, mo ṣáà mọ̀ pé epo pọ̀ jù. Èmi ni mò ń rà á."

"Ẹ má da ara yín láàmú, sà. Sẹ́ńsọ̀ ni."

Wọ́n ra sẹ́ńsọ̀, èéfín ò lọ. Wọ́n ní nọ́súlù ni, wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èéfín ò lọ. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ńpù, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, èéfín dúdú ń bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá wá fi àkísà nu ọwọ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ohun tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́: "Alhaji, brénbọ́ọ̀sì yìí ti kú."

Sikáná ò purọ́ o. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ló ní ojú ihò kan náà tí wọ́n ń ki sikáná bọ̀, ohun kan náà sì ni P0172 ń sọ lára gbogbo wọn: epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti ju èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jó. Bí a bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ 14.7 ló yẹ kó bá epo 1 rìn. Ẹni tó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, sikáná ò dárúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ nọ́súlù tó ń jò. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó bo sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, tàbí pọ́ńpù tó ń ti epo ju bó ṣe yẹ. Ó sì lè jẹ́ wáyà. Ìwé àtúnṣe tí àwọn tó ṣe mọ́tò kọ máa ń to àwọn afurasí yìí lẹ́sẹẹsẹ, brénbọ́ọ̀sì a sì wà ní ìdí pátápátá. Àwa ni a ń ka ìwé náà láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè.

Ọ̀pọ̀ ìgbà pàápàá, àtúnṣe tí a ṣe lésìí ló di àìsàn ọdún yìí. Tẹmosítáàtì ni ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró, tí kì í jẹ́ kó sáré lọ sínú rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á yọ ọ́ jù nù. Wọ́n ní òyìnbó ló nílò rẹ̀, pé ilẹ̀ tiwa ò ní yìnyín. Kò tíì tó wọn. Wọ́n á tún ṣe fáànù ní "dáírẹ́ẹ̀tì", kó máa fẹ́ láti ìgbà tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ títí ẹ fi máa pa mọ́tò. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì yóò ṣe máa gbọ̀n nínú ọyẹ́ ní oṣù kẹta, pàápàá lórí márosẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i lójú. Brénbọ́ọ̀sì, tí kò mọ̀ pé Èkó lòun wà, rí i pé òtútù ń mú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fọ́n epo lé epo, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣe fún ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó gbọ́ràn, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, òun náà sì ni wọ́n fẹ́ bẹ́.

Bí tẹmosítáàtì bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ooru omi. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, wáyà méjì ló sì wọ̀ ọ́. Ní ìdájí tí ẹ́ńjìnnì tutù, mítà máa ń ka nǹkan bí 2,000 sí 3,000 óòmù lára rẹ̀; bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, ó máa ń já wálẹ̀ sí nǹkan bí 300. Iye yìí ni brénbọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ wá fa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ẹ bá rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó rọra jókòó sẹ́nu irin tín-ín-rín yẹn, ọ̀daràn lẹ rí. Bó bá dènà iná pẹ̀lú 2,000 óòmù péré, 300 ti di 2,300, ọ̀sán gangan ti di ìdájí lójú brénbọ́ọ̀sì. Wáyà tó já pátápátá, sikáná máa ń tètè tú àṣírí rẹ̀. Èyí tó dípẹtà, tó ṣì ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń sọ ọ́ lódì, ló ń tán owó lápò èèyàn.

Áàtì, wáyà tó so irin ẹ́ńjìnnì mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì, náà wà lára àwọn afurasí. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan wá sítáàtì mọ́tò. Bí mítà bá fi ju ìdajì fóòtì lọ, wáyà áàtì ò dáa nìyẹn. Sípánà nọ́ńbà 10 àti sáńpépà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti tún un ṣe. Kò sí páátì kankan láti rà, bóyá ìdí tí kò fi gbajúmọ̀ nìyẹn. Mi ò tíì dárúkọ rẹ́wáyà tó wá so rédíò lọ́dún kan, tó gé wáyà mẹ́ta, tó lọ́ wọn pọ̀, tó sì fi téèpù bò wọ́n mọ́ra. Tàbí èyí tó yọ gílóòbù "check engine" kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ọkàn oníbàárà lè balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Alhaji. Orí tuntun dé láti Ládìípọ̀. Bí mọ́tò bá jẹ́ irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ṣíìpù, orí àjèjì ò mọ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ́ńjìnnì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan, á sì kú. Alhaji á tún padà sọ́jà lọ ra kọ́kọ́rọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, tí mọ́tò sì jí, èéfín dúdú á tún yọ, nítorí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìpẹtà ẹnu wáyà. Orí kejì náà ti ń fọ́.

Mi ò ní da gbogbo ẹ̀bi bo mẹkáníìkì lórí, torí àwa oníbàárà la kọ́ ọ níwà. Rẹ́wáyà kan tọ wáyà láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó rí ìpẹtà, ó nù ún, èéfín lọ. Ó bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lo rà?"

"Mi ò ra nǹkan kan, sà. Mo nu ẹnu wáyà ni."

"O nu ẹnu wáyà, o wá fẹ́ gba irú owó yìí? Ṣé bí wọ́n ṣe ń jalè níbí nìyí?"

Alhaji kan náà tó ka owó ńlá sílẹ̀ fún orí òkú mọ́tò láì jiyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá wé sínú ọ̀rá nìkan ló tó owó lójú wa. Rẹ́wáyà yẹn ti gbọ́ èdè wa. Bí Camry mìíràn bá wọlé lọ́la, Ládìípọ̀ ló ń lọ tààrà.

Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ ní kí wọ́n dá tẹmosítáàtì yín padà síbi tó wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ ra brénbọ́ọ̀sì, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi mítà hàn yín ohun tí áàtì àti sẹ́ńsọ̀ ooru omi ń kà. Ẹni tó bá sì bá yín rí ìpẹtà náà, ẹ sanwó ojú rẹ̀ fún un, ẹ má bi í léèrè ọ̀rá tó fi wé e.