Ọkùnrin Tó Purọ́ fún Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ sún mọ́bí, ṣùgbọ́n ẹ má ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Ìyá Ṣadé ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù tó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ìkókó. Mi ò bá ti ẹrù dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i tó kún. Ìwé pelebe tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ ni mò ń wò: máàpù rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, pupa, búlúù, yẹ́lò, gbogbo ìlà rẹ̀ gún régé. Ọmọ rẹ̀ ló ṣàlàyé ẹ̀ fún un, òun náà sọ fún ìyàwó àbúrò mi, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú.

Láti 1863 lọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti ń rìn níbẹ̀, Paddington sí Farringdon ló ti bẹ̀rẹ̀. Máàpù àtijọ́ ń sọ òtítọ́ jù: bí ojú irin bá ṣe wọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n ń yà á. Nínú ti 1908, àárín ìlú há débi pé orúkọ ibùdókọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gorí ara wọn.

Ni Harry Beck bá dé. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ya bí wáyà ṣe ń rìn fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n dá a dúró. Ọkùnrin tí ò níṣẹ́ tó jókòó sílé, ẹ mọ ìjàngbọ̀n tó máa ń dá sílẹ̀ (ti ọkọ ẹnì kan nílé kejì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná). Beck mú rúlà ní tiẹ̀. Ní 1931, ó ya ojú irin bí wáyà: ìlà òró, ìlà ìbú, àtèyí tó dagun. Ó fẹ àárín ìlú, ó fún ẹ̀yìn odi pọ̀. Títì kan ò sí níbẹ̀. Odò Thames nìkan ló ṣẹ́kù, ó tún fi igun sí ìyẹn náà lára.

Irọ́ funfun! Ibùdókọ̀ Covent Garden sí ti Leicester Square ò tó ìdajì kìlómítà. Ẹlẹ́sẹ̀ á ti débẹ̀ kí ẹlòmíì tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀. Lórí máàpù, wàá rò pé kóo di gààrí dání.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi yín lọ́nà Ìbàdàn Gáréèjì ní Ìjẹ̀bú wa níbí, ta ló ń ka gbogbo kọ̀rọ̀ fún un? "Wọ ọkọ̀ yìí, bọ́ níbẹ̀ yẹn, wọ òmíì." Ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ò kúkú rí títì.

Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ti ṣàrà jù. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní January 1933, èrò jà á gbà. Owó tí wọ́n fún Beck? Ẹ̀rín á pa yín. Ká ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ì bá gba kọ́bọ̀ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1960, tẹlòmíì ni wọ́n gbé jáde. Inú ẹ̀ ò dùn sí i títí tó fi kú ní 1974. Ó di 1997 kí wọ́n tó máa kọ orúkọ ẹ̀ sẹ́sẹ̀ ìwé náà.

Èkó náà ti ń fi àwọ̀ pe ojú irin báyìí: Blue Line, láti September 2023, Marina sí Mile 2. Tiwa ní Ìjẹ̀bú ńkọ́? Abẹ́òkúta ni rélùwéè gbà dé Ìbàdàn ní 1901, kò yà kí wa. Oníṣẹ́ iná tó wà ní yàrá ẹ̀yìn gbọ́ èyí, ó gba máàpù lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé, ó fi bíró fa ìlà kan gbọọrọ láti Èkó wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo èrò á ti máa pààrọ̀ ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì san owó ẹ̀ láti ọdún tó kọjá nìyẹn o.