Ọ̀gá Awógiri

Ọ̀gá Awógiri kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rìn láti Trans Amadi dé GRA Phase 2 ní Port Harcourt, ẹ ó pàdé irú rẹ̀ tó mẹ́wàá: bàbá tó ń gba kọngílá lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀, bíríkìlà sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí owó bá dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn a ra mọ́tò. Òun a wó ògiri. Bí owó bá sì tán, a tún wó ògiri.

Ní 2013, nígbà tí àgbá epo rọ̀bì kan ṣì ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ, ààfin ni ọ́fíìsì rẹ̀. Tábìlì rẹ̀ fẹ̀ bí ibùsùn ọlọ́mọ mẹ́ta, kápẹ́ẹ̀tì ń gbé bàtà mì, àwòrán òun àti gómìnà sì wà lára ògiri. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ló ní yàrá tirẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní 2014. Nígbà tó fi di oṣù kìíní 2016, àgbá kan kò tó ọgbọ̀n dọ́là mọ́. Kọngílá gbẹ, ìdajì òṣìṣẹ́ sì ti gba ìwé ìlélọ. Owó ilé ni Ọ̀gá fẹ́ dín kù, àmọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ayé ti lajú, pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kì í gbé inú yàrá. Ni wọ́n bá wó ògiri àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n tẹ́ koríko oníke sílẹ̀, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìlú Ọgbà, níbi tí koríko gidi ti ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gọ́tà. Wọ́n kó àpò ìjókòó rọ̀gbọ̀dọ̀ wá. Akáńtáńtì, tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, fìdí lé ọ̀kan. Ọkùnrin méjì ló fà á dìde.

Ní 2018, Ethan Bernstein ti Yunifásítì Harvard àti Stephen Turban tẹ ìwádìí kan jáde nípa ilé iṣẹ́ méjì tó wó ògiri báyìí. Ọ̀rọ̀ ojúkojú láàárín òṣìṣẹ́ dín kù ní nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ímeèlì ló pọ̀ sí i. Kò ya àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀gá lẹ́nu. Àwọn ti ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí tipẹ́, òfófó sì ti kó lọ sórí WhatsApp, sínú ẹgbẹ́ tí Ọ̀gá kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rí àwòrán ọ́fíìsì Kalifóníà kan lórí Instagram, tí ohun gbogbo funfun báláú. Ó ní tòun náà gbọ́dọ̀ funfun. Port Harcourt nìyẹn o, tí èéfín dúdú àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì ní bòókẹ́lẹ́ ti ń bà lé gbogbo nǹkan láti ìparí 2016. Ìyá ará Ìjẹ̀bú tó ń nu tábìlì fi àkísà rẹ̀ hàn án. "Sà, ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn funfun, èmi lẹ sì fẹ́ ẹ fún."

Kòrónà dé ní 2020, ògiri padà wá, oníke ni lọ́tẹ̀ yìí. Kòrónà rọlẹ̀, Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó ní àga tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá tètè dé ni kó mú. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń dé báyìí, nítorí àga tó sún mọ́ ihò iná.

Gíláàsì ló fi rọ́pò fèrèsé, kò sì ṣeé ṣí. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó ń rí iná jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Band A, fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 fún kílówáàtì wákàtí kan. Láti ìgbà náà, àlejò nìkan ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlétutù fún. Yàrá gíláàsì kékeré tí wọ́n kọ́ fún ìpè fóònù kò gba afẹ́fẹ́. Àpò ìrẹsì Kérésìmesì ló ń gbé ibẹ̀. Lókè rẹ̀, iná aláwọ̀ pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé "Ẹbí kan ni wá." Ẹbí náà ò tíì gbowó oṣù méjì.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, yàrá kan ṣoṣo ni òòlù kò kàn: ti Ọ̀gá. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì dá wà. Ní ìpàdé ọjọ́sí, ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo la máa wó tiyín?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bàbá sọ́mọ. "Ẹnjiníà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ògiri tèmi ló gbé òrùlé yìí dúró."

Pílàìwúùdù ni ògiri náà.