Bọ̀dá Mo-ti-débẹ̀

Ẹ mọ Bọ̀dá Mo-ti-débẹ̀ dáadáa. Bí ìsinmi bá ti bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ẹ ti pàdánù rẹ̀ l'Ékòó. Ó ti gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnù, fìlà olókùn lórí, fóònù méjì lọ́wọ́. Ganvié ló ń lọ, ìlú tí àwọn Tofinu kọ́ sórí òpó nínú adágún Nokoué. Ọkọ̀ ò tíì kúrò ní èbúté Abomey-Calavi tó ti gbé e sórí státọ́ọ̀sì: "Fẹ́nísì ilẹ̀ Áfíríkà!" Kò dé Fẹ́nísì rí o.

Baba tó ń tukọ̀ dàgbà ju bàbá tó bí i lọ, "kápítéènì" ló ń pè é. Baba ń pìtàn: ogun Dahomey tó ń kó èèyàn lẹ́rú ló lé àwọn baba ńlá àwọn dé orí omi, nítorí èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ ogun náà láti jà lórí omi. Bọ̀dá ní kó tún un sọ, òun ò tíì tan kámẹ́rà. Baba tún un sọ. Ó ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú òun ò yọ dáadáa.

Ó rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ó ní kí ló dé tí ìjọba ò kó pàǹtí yìí. Oko ẹja ni! Akaja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á wá jẹ ohun tó bá hù lára igi, á sá pamọ́ síbẹ̀, á bí síbẹ̀. Tó bá yá, olóko á fi àwọ̀n yí i ká. Ọgbọ́n yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá ti rí ìyá kan tó ń tukọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ níwájú. Bí fóònù ṣe gòkè ni ìyá fa akẹtẹ̀ bojú.

"Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún wa!"

Ìyá ní kó sanwó fọ́tò. Owó kẹ̀? Àṣà wa ni wọ́n fẹ́ máa tà? Ẹni tí ò ná omi inú ike ní èbúté, fọ́tò ló wá ń ná.

Ó padà yà á láìsanwó. Ohun tó kọ sábẹ̀ ni pé àwọn èèyàn yìí ò mọ wàhálà. Nínú fọ́tò kan náà, lẹ́yìn èjìká ìyá náà, ọmọbìnrin méjì ń fi gbogbo agbára tu ọkọ̀ tó kún fún kẹ́ẹ̀gì: omi mímu ni wọ́n lọ pọn.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, baba bi í léèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé Èkó lẹ ti wá? Àbúrò mi ń bẹ ní Mákòko. Orí omi náà ni wọ́n ń gbé. Ẹ ó mọ ibẹ̀."

Bọ̀dá mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń gba orí afárá Third Mainland kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí á yí gíláàsì mọ́tò sókè nítorí èéfín ẹja.

"Kápítéènì, sọ fún un kó tètè wá ibòmíràn. Wọ́n ń ba ẹwà Èkó jẹ́. Ìjọba wó díẹ̀ níbẹ̀ ní 2012, wọn ò wó o tó."