Bàbá Òṣùwọ̀n

Irú àwọn àgbàlagbà kan pọ̀ ní Amẹ́ríkà, pàápàá níhà gúúsù tí òtútù kì í ti í mú jù. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ti kúrò nílé, owó díẹ̀ sì wà ní báǹkì. Wọn á wá lọ ra ògbólógbòó bọ́ọ̀sì, wọn á hú gbogbo àga inú rẹ̀ dànù, wọn á to bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀. Ẹlòmíì á ra aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọ iléèwé ń wọ̀. Àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀tọ̀kùlú láàárín wọn ń wá irú èyí tí Greyhound fi ń kó èrò láyé àtijọ́. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ máa rìnrìn àjò títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ìrìn àjò ọ̀hún ni ẹ ò ní í rí. Òṣùwọ̀n ni ẹ ó rí.

Aládùúgbò mi kan ní Texas wà lára wọn. Bàbá Òṣùwọ̀n ni à ń pè é nínú ilé wa. (Àgbà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n yé pe òun ní “sà”, pé ó ń rán òun létí ọjọ́ orí òun.) GMC PD-4104 ni bọ́ọ̀sì tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1953 títí di 1960. Ẹ má bi í léèrè nípa rẹ̀ bí ẹ bá gbé nǹkan kaná.

Tírélà ni mo ń wà, ìdí nìyẹn tó fi gbà pé ọ̀rọ̀ òun lè yé mi. Èmi náà ń wọn ọkọ̀. Níbi tí àwa onítírélà ti ń ra epo lójú títì, òṣùwọ̀n CAT Scale máa ń wà níbẹ̀. Láti 1977 ni wọ́n ti ń ṣe é. Màá wakọ̀ gun orí rẹ̀, wọ́n á fún mi ní ìwé pélébé tó sọ iye tí iwájú gbé, iye tí ẹ̀yìn gbé, àti àròpọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ti kọjá 80,000 pọ́ùn, tí apá kan kò sì gbé ju bí òfin ti wí lọ, mo ti bá tèmi lọ nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo la ẹnu sọ èyí fún un, ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tó fẹ́ fi ọwọ́ ìdọ̀tí jẹun. Ó ní ìyẹn kọ́ là ń pè ní ìwọ̀n. Ó ní àròpọ̀ iwájú lè dára, kí ẹrù máa pa táyà ọ̀tún kú lọ nígbà tí tòsì ń ṣeré. Mo gbà fún un níbẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń kó èrò, àga méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, ọ̀tún àti òsì á dọ́gba. Ẹni tó bá fi kọ́lé á to fíríìjì, síńkì àti sítóòfù sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tún gbé táǹkì omi tì wọ́n. Ọgọ́rùn-ún gálọ́ọ̀nù omi lé ní 830 pọ́ùn ní Amẹ́ríkà. Táyà tí ẹrù bá pọ̀ jù fún atẹ́gùn inú rẹ̀ á máa gbóná, bó bá sì bẹ́ níwájú lórí eré, ẹ̀kọ ò ní í ṣojú mímu. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe táyà fi ní ìwé tó sọ iye atẹ́gùn tó bá ẹrù mu. Ẹ ó wo ẹ̀gbẹ́ tó wúwo jù, iye tó tọ́ sí i lẹ ó fún ọ̀tún àti òsì.

Ó yẹ kọ́rọ̀ tán síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí à ń jẹ àmàlà, Bàbá Òṣùwọ̀n wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki owó ẹyọ méjì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì wa kan. Ó ní kí n wò ó: ẹsẹ̀ yìí àti èyí tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́ ló ń gbé gbogbo ẹrù báyìí, àwọn méjì tó kù kàn dúró lásán ni. Ó fọwọ́ ti tábìlì kó lè dá mi lójú. Gbẹ̀gìrì dà sórí aṣọ ọmọ mi. Ó ní bí bọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ní Livingston, ní Texas níbí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣelé tí wọ́n ń pè ní Escapees máa ń wọn ọkọ̀ báyìí, táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó gbé bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ìrìn àjò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì náà rìn nìyẹn. Ìwé tó gbà bọ̀ ní kò sí wàhálà. Kò gbà á gbọ́, ó ra òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ mẹ́rin tirẹ̀.

Ní Sátidé kan ó pè mí pé kí n wá bá òun ka nọ́ńbà. Ó ti rọ omi kún táǹkì dẹ́nu. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú lọ́wọ́ ọ̀tún bíi pé wọ́n ń lọ, kó gbé báàgì lé itan, kó má mira. Ó wakọ̀ gun òṣùwọ̀n, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Ọ̀tún iwájú fi 250 pọ́ùn wúwo ju òsì lọ.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà agbada irin tí ìyá ìyá obìnrin náà fi sílẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà àwọn ìwé rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tó bí 60 pọ́ùn. Ó fi òṣùwọ̀n ilé ìwẹ̀ wọ̀n wọ́n níṣojú mi. Àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀, tí èmi àti òun jọ gbé tí a ò lè gbé, ó ní dandan nìyẹn.

Mo bi í pé, “Ta ló máa wà á?”

Kò dáhùn. Ó gun bọ́ọ̀sì padà, àtẹ̀gùn ké bó ṣe ń gùn ún, ó jókòó sí àga awakọ̀ lọ́wọ́ òsì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ka nọ́ńbà fún un. Òsì iwájú ló wá wúwo báyìí, díẹ̀ ló sì kù kó pé 60 pọ́ùn.

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọlé, ó padà wá gbé agbada, ó ní kí n bá òun kó àwọn ìwé.

Bàbá Òṣùwọ̀n ní òṣùwọ̀n yẹn ní àléébù, pé ká tún wọn bọ́ọ̀sì náà ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé mo ráyè gbẹ́rù lọ́jọ́ náà.