Ìkòkò Òdòdó Tí Kì Í Gba Omi
Ní Kumasi, olú ìlú àwọn Àṣáńtì, níbi tí àwọn agbẹ́gi Ahwiaa, ní ojú ọ̀nà Mampong, ti ń yọ àpótí ìjókòó láti inú ìtì igi sese kan ṣoṣo, láìkan ìṣó, láìlo gọ́ọ̀mù, tí àgbàlagbà sì ń fi gbogbo ìdí jókòó lé e láìfòyà, ni ọ̀làjú ti wá kọ́ wa pé igi tí ó wọ́, tí ó ya, tí kòkòrò sì ti sọ inú rẹ̀ di ààfin, kì í ṣe igi ìdáná mọ́, ìkòkò òdòdó ni. Igi wọ́rọ́kọ́ adánárú, ọmọ a-wọ́-má-tọ́, ni wọ́n gbé gun ẹ̀rọ ìyígi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ó ti ń yí, ìdajì ìyíká ni irin fi ń bá igi pàdé, ìdajì kejì, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbẹ́, oníṣẹ́ sì ń gba owó méjèèjì. Èèpo etí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bó nítorí òun gan-an ni ẹwà, a máa fò yọ lọ kí ọ̀gá níwájú orí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ padà sílé. Bí ó bá gbẹ tán tí ó sán, wọn a ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, wọn a sì bu owó lé e. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra òdòdó oníke mọ́ ọn.